Bí Omi Àpótí Ẹja Ìyá Rẹ Ṣe Máa Dákẹ́

Agbonou,
ọ̀sán ọjọ́ Àìkú

Rósàlì, ọmọ mi tí mo fi orúkọ ìyá mi pè,

Lẹ́tà rẹ dé ní Ọjọ́bọ̀. Awakọ̀ tó gbé e wá láti Sokodé kò bá mi nílé, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá títì. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti fi àpòòwé náà bo búrẹ́dì nítorí eṣinṣin. Mo gbọn èérún ara rẹ̀ kúrò, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì obìnrin náà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dìde.

O ní ara yín le, pé iṣẹ́ pósítì ti ń mọ́ ọ lára, pé ilé tí wọ́n fún Kọ̀mlá ọkọ rẹ nínú ọgbà iléèwé tóbi ju bí ẹ ṣe rò lọ. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni o wá dé orí ohun tó jẹ́ kí o kọ̀wé gan-an. Àpótí ẹja ìyá rẹ, tí mo fi ránṣẹ́ sí yín lẹ́yìn ìgbéyàwó, ń pariwo. Omi tó ń ṣàn kúrò nínú rẹ̀ bọ́ sínú àgbá ìsàlẹ̀ ń dún tọ̀sán tòru. Kọ̀mlá kò rí oorun sùn, kò rí ìwé àwọn ọmọ iléèwé yẹ̀ wò, ó sì ní bí òun bá ti jókòó nítòsí rẹ̀, ìtọ̀ ló máa ń gbọ̀n òun. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, jọ̀wọ́ má sọ fún un. Àmọ́ mi ò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ìwé. O ní ó ti dá ọjọ́ fún ọ: tí àpótí náà kò bá dákẹ́ kí Àjíǹde tó dé, yóò kúrò nílé. O wá bi mí pé ṣé màá bínú tí o bá fi ta iléèwé lọ́rẹ. O sì tún fi ìbéèrè kan kún un, bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì: o ní o ò rántí pé ó ń pariwo báyìí nígbà tí o wà lọ́mọdé.

Ìwọ kọ́ lo gbàgbé. Màá dáhùn ìbéèrè yẹn, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rìn dé ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí kò rọrùn fún mi.

Mi ò ní bínú tí o bá fi tọrẹ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó dúró lọ́dọ̀ rẹ, mo sì fẹ́ kí ọkọ rẹ máa rí oorun sùn. Méjèèjì lè wà pọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé mo ti ṣe é rí nínú ilé yìí, ó sì kù díẹ̀ kí ìyá rẹ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo ti ka lẹ́tà tí àwọn bàbá kọ sí ọmọ wọn nínú oríṣiríṣi ìwé. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nípa wọn ni bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń dá wọn lójú tó. Wọn a ní ṣe báyìí, má ṣe tọ̀hún, ayé a sì dára. Èmi ti ń kọ ohun tí mo bá rò sínú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ mi láti ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, bí mo bá sì padà kà á lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìdajì rẹ̀ ni mi ò gbà mọ́. Torí náà, ohun tí mo bá sọ nípa páìpù nínú lẹ́tà yìí, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí mo bá sọ nípa ọkọ àti aya, wò ó dáadáa kí o tó gbà á.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ìwọ kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. O mọ̀ pé yàrá sáyẹ́ǹsì kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn fadá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, tí mò ń fọ ìgò, tí mò ń to nǹkan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Fadá tó ń kọ́ wọn nípa ẹranko àti ewéko fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó sì fi àpótí gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná fa omi. Àwọn páìpù rẹ̀ ti fọ́. Ó ní kí n wá ọgbọ́n dá sí i.

O mọ bí ó ṣe rí: àpótí wà lórí tábìlì, àgbá rọ́bà tí mo gé sí méjì wà nísàlẹ̀ tábìlì, òkúta wẹ́wẹ́ àti èédú sì wà nínú àgbá náà láti máa sẹ́ omi. Ẹ̀rọ ń fa omi mímọ́ gòkè. Omi tó bá pọ̀ jù lókè yóò gba orí gíláàsì kékeré tó ní eyín bí òòyà, kí ẹja má bàa tẹ̀lé e, yóò bọ́ sí igun tí mo fi gíláàsì náà pín sọ́tọ̀, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti gba páìpù padà sísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú páìpù yẹn ni gbogbo lẹ́tà yìí dá lé.

Mo gbé páìpù gbọọrọ kan tó fẹ̀ síbẹ̀, ó dúró ṣánṣán, ẹnu rẹ̀ la sílẹ̀ lókè, ìdí rẹ̀ sì wà lófuurufú lórí omi àgbá. Ibo ni mo ti kọ́ ọ? Lára páànù ilé bàbá mi ni. Orí òkè ní Atakpamé la ń gbé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìsàlẹ̀ òkè la ti ń pọn omi, a ó sì gbé e gòkè padà. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá wá rọ̀, tí omi ń gba ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bọ́ sínú àgbá, kò sí orin tó dùn tó o létí wa. Ìró yẹn ń sọ fún wa pé lọ́la a ò ní sọ̀ kalẹ̀. Èmi tí mo ti ka gbogbo ìwé tí mo kà, mo ṣe páìpù àpótí ẹja bí ẹni tó ń gbe omi òjò. Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi pé òjò ńlá ti dé. Mo pe àwọn aládùúgbò wá. Inú mi dùn gan-an ni.

Ìyá rẹ ń gbẹ̀bí ní ọsibítù nígbà náà, òru ni iṣẹ́ rẹ̀ sì sábà máa ń bọ́ sí. Òwúrọ̀ ló ń dé, á wẹ̀, á sá pákí sórí ẹní lẹ́yìn ilé, á sì sùn. Ní ọjọ́ kejì tí mo tan ẹ̀rọ náà, mo wà nínú yàrá tí mò ń kàwé, mo rí i tó sáré kọjá pẹ̀lú yẹ̀rì nìkan lára. Ó ti dé ẹ̀yìnkùlé, ó ti kó ìdajì pákí jọ, kó tó gbójú sókè. Oòrùn ń ràn yòò. Aládùúgbò wa tó ń gúnyán bi í pé, “Ìyá Rósàlì, òjò ta ni ẹ ń sá fún?”

Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó tún sáré jáde lọ́jọ́ kejì, àti ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn. Ara ni kò gbọ́ àlàyé, ọmọ mi. Bí ìró yẹn bá ti wọ etí rẹ̀ lójú oorun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti balẹ̀ kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Ó sọ fún mi pé ìró náà ń já oorun òun. Mo dá a lóhùn pé mo ti kà á níbì kan pé etí a máa mọ́ ìró tí kò bá dáwọ́ dúró, kó fún un ní oṣù kan.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn, tó bá jẹ́ ìmọ̀ràn. Bí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ bá sọ pé nǹkan ń dun òun, má fi ohun tí o kà dá a lóhùn. Bóyá òótọ́ ni ohun tí o kà. Kì í ṣe ohun tó béèrè nìyẹn.

Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo gbìyànjú láti ṣe nǹkan kan, àmọ́ mo ṣe é bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Mo ki aṣọ bọ ẹnu páìpù. Ariwo dínkù lóòótọ́. Mo lọ síbi iṣẹ́. Aṣọ yẹn kò jẹ́ kí omi sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń gòkè, ó kún, ó sì gba etí gíláàsì dà sílẹ̀. Àpótí aṣọ ìyá rẹ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà. Aṣọ ìró tí ìyá rẹ̀ ró ṣègbéyàwó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú rẹ̀, aláró, aró rẹ̀ sì re sára gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀. Nígbà tí mo dé, ó ti sá gbogbo rẹ̀ sórí okùn. Kò sọ ohunkóhun. Mo rò nígbà náà pé ìyẹn dára, pé kò bínú.

Torí náà, ti Kọ̀mlá tó dá ọjọ́ fún ọ yẹn, má kà á sí ogun. Ẹni tó ṣì ń sọ ohun tó ń bí i nínú, tó tiẹ̀ ń fi ìtọ̀ ṣàwàdà lórí rẹ̀, ṣì wà nínú ilé pẹ̀lú rẹ. Ìyá rẹ sọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹrù ló dì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Ó dé láti ibi iṣẹ́, kò wẹ̀, ó di aṣọ rẹ àti tirẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Mo bi í pé ibo. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Datcha. Mo ní kí ló wà níbẹ̀. Ó wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn, ó ní:

“Mi ò bá yín jà, Bàbá Rósàlì. Oorun ni mò ń wá lọ.”

Ó mú ọ lọ́wọ́, ẹ sì lọ dúró de mọ́tò lẹ́bàá títì. Láti ọjọ́ yẹn, Datcha ló ti ń wá síbi iṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ń padà sí.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mo gbádùn ara mi. Mo kàwé, omi ń dún. Ní ọjọ́ kẹta, mo kọ ìlà kan péré sínú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ mi, ó ṣì wà níbẹ̀: “Ṣé omi ni mo fẹ́ràn, tàbí kí àwọn ènìyàn máa gbọ́ pé omi wà nílé mi?” Mi ò kọ ìdáhùn sábẹ́ rẹ̀. Mo ṣì ń rò ó.

Ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n kò sí nínú ìwé kankan tí mo ní. Ọkùnrin kan ń ta epo mọ́tò lẹ́bàá títì ní Agbonou níbí. Mò ń kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń da epo láti inú kẹ̀ẹ̀gì sínú ìgò, ó ń dún gbúlú-gbúlú, ó ń ta sí i lẹ́sẹ̀. Ó bú kẹ̀ẹ̀gì náà, ó gbé e ka orí bẹ́ǹṣì, ó mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ki orí kan bọ inú rẹ̀, ó fi ẹnu fa orí kejì, ó tu itọ́, ó sì ki í bọ ìgò. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìgò ń kún, ìró kankan kò sì sí. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi rọ ìgò mẹ́rin. Ó gbójú sókè, ó ní, “Mùsé, ṣé ẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ fẹ́ wòran?” Mo ra ìgò kan. Mi ò ní mọ́tò, mi ò ní alùpùpù.

Ohun tí mo rí nìyí, Rósàlì, òun sì ni gbogbo àṣírí náà. Omi kì í pariwo. Afẹ́fẹ́ náà kì í pariwo. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ń du ojú ọ̀nà kan náà ni ariwo ń wá. Inú páìpù mi fẹ̀ jù fún omi tó ń gba ibẹ̀, omi ń fara ha ẹ̀gbẹ́, ó sì ń gbé afẹ́fẹ́ mì bó ṣe ń lọ. Rọ́bà ọkùnrin yẹn kún fọ́fọ́, kò sí àyè fún afẹ́fẹ́. Bí mo bá lè mú kí páìpù mi kún láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò dákẹ́.

Mo wá rọbinẹ́ kan, irú ẹnu ẹ̀rọ onídẹ tí a máa ń yí yẹn, mo fi sí ìsàlẹ̀ páìpù mìíràn tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, mo sì gbé ti tẹ́lẹ̀ sórí àjà. Mo jẹ́ kí tuntun náà gùn díẹ̀ sí i kí ìdí rẹ̀ lè wọ inú omi àgbá. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa rọbinẹ́ náà dé díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe ń pa á dé, omi inú igun ń ga sí i, títí ó fi bo ẹnu páìpù mọ́lẹ̀, tí afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Omi ti afẹ́fẹ́ tó kù nínú páìpù jáde nísàlẹ̀, ó hó fún ìṣẹ́jú kan, ariwo sì kú. Mo gbọ́ àkùkọ aládùúgbò. Mo gbọ́ aago ara ògiri, tí mo ti gbàgbé pé ó ń dún.

Mo fẹ́ lọ sí Datcha lójú ẹsẹ̀. Ọpẹ́ ni pé mi ò lọ, torí nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀ pálọ̀ ti di adágún, ẹja méjì sì ti kú sẹ́nu ọ̀nà. Ìgbín omi kékeré kan, kò tó èékánná àtàǹpàkò mi, ló wọ inú páìpù lọ há sí ẹnu rọbinẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀ fún omi. Nígbà tí ọ̀nà yẹn dí, ilẹ̀ ló kù.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi páìpù kejì sí i. Ẹnu rẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kò ní rọbinẹ́, gbígbẹ ló sì máa ń wà. Bí ìgbín bá dí páìpù àkọ́kọ́, omi yóò ga dé ẹnu ìkejì, yóò sì gba ibẹ̀ lọ. Yóò pariwo gan-an. Ìyẹn dára, torí ariwo yẹn ló ń pè ọ́ pé kí o wá yọ ìgbín.

Mo fẹ́ sọ fún ọ níbí pé bẹ́ẹ̀ náà ni kí ilé ọkọ àti aya rí, pé kí ẹ ní ọ̀nà kejì tó ga díẹ̀, tí ìbínú lè gbà kọjá kó tó dé ilẹ̀. Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ mi rí, mo sì fa igi sábẹ́ rẹ̀. Lónìí ó ń jọ mí lójú pé mo kàn fẹ́ràn páìpù mi jù. Fi í síbẹ̀, kí o fúnra rẹ wò ó.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ sí Datcha. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Datcha, ń bó ẹ̀pà níwájú ilé. Kò dìde. Ó ké sínú ilé pé, “Sẹlẹ, jáde wá o, ọkọ ẹja ti dé.” Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi pé báwo làwọn ẹbí tí mo fi sílẹ̀ nílé. Mo ní méjì ti kú. Ó ní ẹ kú ọ̀fọ̀, ó sì ń bó ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ jáde wá. Ó ti sanra díẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun. Ó ti ń rí oorun sùn. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Mo sọ fún un pé ó ti dákẹ́. Ó dúró sójú ilẹ̀kùn, ó bi mí pé:

“Ta ló dákẹ́? Omi ni àbí ẹ̀yin?”

Mi ò rí nǹkan fi dá a lóhùn, mo sì rò pé ìyẹn gan-an ni ìdáhùn tó ń wá, torí ó gbé àga wá fún mi. Kò bá mi lọ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun máa wá fi etí ara òun gbọ́ ọ.

Ó dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀, o ń jẹ ẹ̀pà. Ó wọlé tòun ti apẹ̀rẹ̀ lórí. Kò sọ̀ ọ́. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó gbé ọrùn rẹ̀ dúró ṣinṣin nítorí ẹrù náà, ó sì ń tẹ́tí. Mo rí àwọn ẹja tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní:

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

Ó wá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Má rò pé mo ti gbọ́n tán nígbà yẹn. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ń sùn lọ́sàn-án, mò ń kàwé, mo sì gbọ́ ìró náà: omi ń bọ́. Mo ní páìpù mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo fò dìde, mo kúnlẹ̀ síwájú àgbá, mò ń yí rọbinẹ́ síwá, mò ń yí i sẹ́yìn, ariwo kò dínkù, ó ń pọ̀ sí i. Ìyá rẹ ló jí fúnra rẹ̀. Ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ mi wà lára rọbinẹ́, òógùn ń bọ̀ lójú mi. Ó wo ojú fèrèsé. Òjò gidi ni. Pákí ọ̀sẹ̀ kan ti ń léfòó lẹ́yìn ilé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. Ìwọ náà jókòó tì í, o ń rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti gba àpótí náà mọ́ mi lọ́wọ́. Òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun ló ń bá mi bu ẹja kéékèèké wá láti odò Amou, òun ló sọ ẹja tó máa ń lé àwọn yòókù kiri ní Màmá Datcha. O ṣì rántí èyí. Ìdí nìyẹn tí o fi mọ àpótí yẹn ní dídákẹ́.

Wàyí o, ìbéèrè rẹ.

Ọdún kẹta nìyí tí ìyá rẹ ti lọ. Nígbà tí àwọn tó wá kí wa ti padà sílé, tí ìwọ náà ti padà sí Lomé láti parí ẹ̀kọ́ rẹ, mo jókòó nínú pálọ̀, ilé sì dákẹ́. Dídákẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ni, kí ó lè sùn. Kò sì sí ẹni tó ń sùn mọ́. Mo fara dà á fún oṣù mélòó kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tú páìpù tí rọbinẹ́ wà lára rẹ̀ kúrò. Mo yọ páìpù kejì, mo dí ihò rẹ̀. Mo wá páìpù fífẹ̀ àtijọ́ jáde láti orí àjà, mo dá a padà sí ipò rẹ̀, mo sì tan ẹ̀rọ. Ó dún bí òjò lórí páànù. Mo jókòó, mò ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ.

Mo mọ̀ pé kò ní sáré kọjá. Mo ti kàwé tó láti mọ ìyẹn. Síbẹ̀, mò ń tẹ́tí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é fún ọdún méjì.

Nígbà tí o ṣègbéyàwó, mo sọ fún yín pé ẹ̀yìn mi kò lè ru omi mọ́, pé kẹ́ ẹ máa mú àpótí náà lọ. Ẹ̀yìn mi ń dùn mí lóòótọ́. Àmọ́ òótọ́ yòókù ni pé mi ò lè pa ìró yẹn lẹ́nu mọ́, mi ò sì lè máa gbọ́ ọ mọ́. Mo di ìṣòro mi, mo pè é ní ẹ̀bùn, mo sì gbé e lé ọ lórí. Ariwo tó ń jí ọkọ rẹ, èmi ni mo fi síbẹ̀. Dárí jì mí. Bí ìmọ̀ràn kan bá wà nínú lẹ́tà yìí tó dá mi lójú, òun nìyí: lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá ní ọmọ, wo ẹrù tí o fẹ́ fún un dáadáa, kí o mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ àti èyí tó jẹ́ tìrẹ.

Nínú àpótí páálí tí awakọ̀ gbé wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí, wàá rí rọbinẹ́ náà àti páìpù méjèèjì. Mo fi aṣọ ìró aláró ìyá àgbà rẹ wé wọn kí wọ́n má bàa fọ́. Ìró náà, mú un, tìẹ ni. Jẹ́ kí Kọ̀mlá bá ọ ṣe iṣẹ́ yìí, má dá a ṣe.

Èyí tó kúrú ni rọbinẹ́ wà lára rẹ̀. Ẹ yọ páìpù fífẹ̀ tó wà níbẹ̀, kí èyí tó kúrú yìí wọ ihò rẹ̀, kí ìdí rẹ̀ sì wọ inú omi àgbá ní ìwọ̀n ìka kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jìn jù, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà jáde nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Ẹ ṣí ihò kejì tí mo dí, kí èyí tó gùn wọ ibẹ̀. Má fi nǹkankan sí ẹnu rẹ̀, ìbáà jẹ́ aṣọ, ìbáà jẹ́ asẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ máa pa rọbinẹ́ dé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dúró de omi lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Kì í yára. Bí omi bá ti bo ẹnu páìpù kúkúrú, tí kò sì tíì dé ẹnu èyí tó gùn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó sùn, ẹ pa iná ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ wò ó. Omi òkè yóò rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Kí àgbá ìsàlẹ̀ ní àyè tó máa gbà á, torí bí iná bá lọ nígbà tí ẹ kò sí nílé, ilẹ̀ ni omi yóò dà sí bí kò bá sí àyè. Ihò kékeré wà lára páìpù tó ń gbé omi gòkè, nísàlẹ̀ ibi tí omi máa ń dé díẹ̀. Má jẹ́ kó dí, òun ni kì í jẹ́ kí páìpù yẹn fa gbogbo omi òkè padà. Kí o sì máa yọ ìgbín.

Mo rò pé mo ti sọ gbogbo rẹ̀. Kí Kọ̀mlá, kí o sọ fún un pé bàbá ìyàwó rẹ̀ ní ó tọ̀nà. Tí ẹ bá parí iṣẹ́ náà, má pè é wá tẹ́tí. Jẹ́ kó sùn. Ìwọ ni kí o dúró láàárín pálọ̀ díẹ̀, bóyá pẹ̀lú ẹrù lórí, bóyá láìsí ẹrù, kí o sì kọ ìlà kan péré sí mi. O mọ ohun tí mo fẹ́ kà.

Òjò ti ṣú lápá òkè bí mo ṣe ń parí èyí. Ó ti ń kán sórí páànù. Kò sí pákí níta. Màá dìde lọ wò ó.

Bàbá rẹ tó ń retí ìlà kan náà.